Èsì: Iṣẹ́ tí a kò tíì kó, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa fi àkójọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, fún àwọn tó ń fi Yorùbá kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà: orúkọ tí a ó máa pe àwọn àmì tí git, ètò tó ń ṣọ́ àtúnṣe inú fáìlì wa, ń fi hàn nínú prompt bash, ìyẹn ìlà tí bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, fi ń dúró dè wá. Wọ́n pe prompt ní "àmì ìdúróde", branch ní "ẹ̀ka", git add (àṣẹ tó ń to àtúnṣe sílẹ̀ kí a tó fi í pamọ́) ní "kó", upstream (ẹ̀ka tó wà níbòmíràn tí tiwa ń tẹ̀ lé) ní "òkè odò", untracked (fáìlì tí git kò mọ̀) ní "aláìnítọpa". Àmì ìràwọ̀, *, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dirty, wọ́n pè é ní "ìdọ̀tí". Wọ́n wá fi kún un pé ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá àwọn jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, inú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ sì ti wo ilé ọmọ yìí. "Ẹ̀ka" dára, "kó" náà dára. Ìdọ̀tí ni kò ṣe é gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, bí git bá ti wà nílẹ̀, fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sí ìsàlẹ̀ ~/.bashrc, fáìlì tí bash ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀:

. /usr/lib/git-core/git-sh-prompt
GIT_PS1_SHOWDIRTYSTATE=1
GIT_PS1_SHOWUNTRACKEDFILES=1
GIT_PS1_SHOWSTASHSTATE=1
GIT_PS1_SHOWUPSTREAM=auto
PS1='\w$(__git_ps1 " (%s)")\$ '

Àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan ni kí ẹ fi yí ohun tí ẹ kọ fún PS1, tó ń sọ bí prompt ṣe máa rí, ká. Bí ẹ bá fi oníméjì sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bash máa ṣe ohun tó wà nínú $( ), nígbà tó bá ń jí. Bó bá jí síbi tí kò sí git, prompt kò ní fi ẹ̀ka kankan hàn mọ́. Bó bá jí sínú ẹ̀ka tó ń jẹ́ main, main ni yóò máa pè títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibi yòówù tí ẹ bá lọ.

Ẹ ṣí shell (irú ètò tí bash jẹ́) tuntun, ẹ wọ inú iṣẹ́ kan, ẹ ó rí irú èyí:

~/iwe (main *+%>)$

Ìràwọ̀ ń sọ pé fáìlì tí git mọ̀ ti yí padà, a kò sì tíì ṣe git add fún un. + ń sọ pé a ti ṣe git add, ó ku git commit, ìyẹn fífi í pamọ́ sínú ìtàn iṣẹ́. % ni fáìlì tí git kò mọ̀ rí. $ bá yọjú láàárín wọn, stash, ìyẹn iṣẹ́ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wà nílẹ̀. > ni pé a ní commit tí upstream kò ní, < ni pé òun ló ní èyí tí a kò ní, <> ni pé ọ̀nà ti pínyà, = ni pé a dọ́gba. Ẹni tí kò bá ṣe git fetch, àṣẹ tó ń gba ohun tuntun wá láti upstream, < lè má hàn sí i rárá, torí ohun tí git rí gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ upstream ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Ó yá, ìdọ̀tí. Kí là ń fi ìdọ̀tí ṣe nílé? À ń gbá a, à ń dà á nù. Ẹ sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pé ìdọ̀tí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìgbálẹ̀ ló máa wá lọ. Ìgbálẹ̀ sì wà nínú git: git restore . á nu gbogbo àtúnṣe tó fa * kúrò, git clean -fd á sì pa àwọn fáìlì tó fa % rẹ́. Iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ lọ nìyẹn. Reflog, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ̀ka ti wà rí, kò lè gbà á padà, nítorí kò fìgbà kan dé ọwọ́ git. Èyí tí a bá ti ṣe git add fún, ẹ̀dà rẹ̀ ti wọ inú .git, àpò tí git ń kó nǹkan sí; bí a bá tilẹ̀ ṣèèṣì sọ ọ́ nù, git fsck --lost-found ṣì lè wá a kàn.

Ẹ tún fi "kó" tiyín sí i, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: "kó ìdọ̀tí". Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa rò pé à ń tọ́jú nǹkan. Òdìkejì git add gan-an ni.

Àgbẹ̀ ti ní ohun tí à ń wá. Àgbàdo tó ṣì wà lóko, èyí tó ti wọ agbọ̀n, èyí tó ti délé. * wà lóko, + wà nínú agbọ̀n, commit ti délé. Ta ló ń pe àgbàdo oko ní ìdọ̀tí?

"Àìtíìkó" ni mo fi sílẹ̀ fún *. Àwọn kan á ní "àìkó" ti tó. Kò tó! Tíì yẹn ni mo ń jà fún. Àìdé bàbá ni pé bàbá kò wá. Àìtíìdé bàbá ni pé ojú ṣì wà lọ́nà. Iṣẹ́ tó ní * ń retí ọwọ́ tí yóò kó o ni, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò wo Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni wọ́n wò, àti ohun tí kì í ṣe, wọ́n sì ki "má" bọ àárín ọ̀rọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí, ó sì ń dùn mí.

"Aláìnítọpa" ṣe é tú palẹ̀ ní gírámà, ẹnu ni kò gbà á. Ẹni tí onílé kò mọ̀, àlejò ni. À ń bi àlejò léèrè kí a tó lé e; git clean -n nìyẹn, tó ń ka orúkọ àwọn tó máa lọ láìtíì fọwọ́ kan ìkankan. Òkè odò, ẹ jẹ́ kó di orísun.

Ohùn wá kù. Dè tó wà nínú "dúró dè" ní ohùn ìsàlẹ̀: dúró dè mí. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá tẹ̀lé e ló ń sọ ọ́ di àárín: dúró de ọkọ̀. Nínú "ìdúróde" tiyín, ọ̀rọ̀-orúkọ wo ló tẹ̀ lé e? Ìdúródè ni.

Ẹni tó ní ká kọ "ẹ̀ka:" sínú PS1 gan-an, kó ṣọ́ra. Ẹ̀ka gba àyè mẹ́ta lójú ìlà, ṣùgbọ́n báìtì 7 ni nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́: ẹ jẹ́ 3, àmì ohùn orí rẹ̀ 2, k àti a ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí locale, ètò èdè kọ̀ǹpútà yín, kò bá jẹ́ UTF-8, bash á ka 7, àṣẹ gígùn á sì máa kọ lé ara rẹ̀ lórí. Àwọ̀ náà ń fa irú rẹ̀, àfi kí ẹ fi \[ àti \] yí i ká. Ẹ jẹ́ kí àmì wà bó ṣe wà. Orúkọ tí a ó máa fi ẹnu pè é ni mò ń bá yín sọ.

Lórí "ìkarahun" tí ẹnìkan nínú yín fẹ́ ká máa pe shell, tí ẹ̀yin méjì sì ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́ láti àná, ẹ̀yìn ẹni tó ní ká fi shell sílẹ̀ ní shell ni mo wà. Ẹ máa bá ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n, èsì yín lórí ìdọ̀tí ni mò ń retí. Bí ọmọ bá rí * tó sì béèrè pé, "Ìdọ̀tí yìí ńkọ́, kí n ṣe é báwo?", kí lẹ fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ dá a lóhùn?