Omi ti fà lódò Ọbà: ṣé pẹ́pẹ́yẹ igbó máa wà fún ọdẹ lẹ́ẹ̀rùn yìí?

ỌmọỌdẹ_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Òjò ọdún yìí ò ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa rárá, ìsinmi òjò oṣù kẹjọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tán, ìgbà tó sì yẹ kí òjò ọ̀wàrà wá fi omi sílẹ̀ dè wá, ó kàn ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ.

Àbàtà tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi lápá Ìkòyí, ibẹ̀ la ti máa ń rí pẹ́pẹ́yẹ igbó, àwọn tí ojú wọn funfun tí wọ́n máa ń súfèé yẹn. Ó ti gbẹ pátápátá báyìí, ojú oró tó máa ń lékè omi ti sùn sórí ẹrẹ̀, màlúù ń rìn kọjá lórí ẹ̀. Ẹyẹ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń pẹja ní dáàmù Ọbà ní àwọn ẹyẹ yẹn ti bo ọ̀dọ̀ tàwọn, pé tí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí èèyàn ò lè gbọ́ nǹkan míì mọ́ àfi súfèé wọn.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú kí wọ́n pọ̀ ni àbí ó ń run wọ́n? Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọdún yìí gan-an ló máa ya, pé ká yáa tọ́jú ẹ̀tù àti ọta sílẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ kan tí mo bi léèrè kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní ká máa lọ, pé tó bá di àmọ́dún a máa wá ròyìn fóun. Kí ló rí tí èmi ò rí? (Ìwé ìbọn mi pé o, kẹ́nikẹ́ni má tibẹ̀ yọ sí mi.)

Bàbá_Ṣakabùlà:

Ọmọ mi, ẹ̀rín tí àgbà yẹn rín, ọ̀rọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹyẹ ò pọ̀ sí i, wọ́n kó jọ ni. Àwọn tó wà lábàtà bàbá ẹ, àwọn tó wà nínú kòtò omi lápá Ìrẹsà, àwọn tó máa ń tú káàkiri etí Odò Ògùn, ilẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo wọn lẹ́sẹ̀, ibi tí omi ṣẹ́kù sí ni wọ́n jọ forí lé. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́ náà nìyẹn, tí omi bá ti fà káàkiri, ojú dáàmù Ẹrẹlú lo máa bá wọn.

Mo rántí 1983, ọdún tí ọ̀dá dá tí iná ń jó oko kòkó nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọdẹ tí ò mọ̀bọn yìn pàápàá ń gbé ẹyẹ wálé, àwọn ìyàwó ọdẹ ń tà á lọ́jà títí owó ẹ̀ fi já wálẹ̀. Òjò padà rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi kún padà, ẹyẹ ò kún padà. Ó pẹ́ kí ojú omi tó gbádùn. Àwọn kan ń di gbogbo ẹ̀ ru ọ̀dá, ìbọn náà dá kún un, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Tó o bá sì máa lọ ṣá, gbọ́ méjì yìí. Ẹrẹ̀ etí dáàmù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí ẹ̀, má fọkàn tán an. Ojú ẹ̀ á gbẹ bí àmàlà tó sùn mọ́jú, o máa rò pé ilẹ̀ ni, o máa gbẹ́sẹ̀ lé e, ó wọlé dé orúnkún, bó o ṣe ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ ni tòsì ń rì sí i, ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹ. Mú ọ̀pá gígùn dání, má dá nìkan lọ, ẹyẹ tó bá máa já sórí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ má wulẹ̀ yìn ín torí o ò ní lè mú un, wàá kàn pa á dànù ni. Èkejì, ẹyẹ tó jókòó sórí omi, má yìnbọn sí i. Ọta máa ń ta lórí omi, o ò sì mọ apẹja tó wà nínú ọkọ̀ lódìkejì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fò lọ jẹun nírọ̀lẹ́ ni kó o dúró sí, mú ọ̀kan, ó pọ̀ tán méjì, kó o máa lọ sílé. Ibi tí wọ́n ń sùn, fi í lẹ̀ fún wọn. Tó o bá lé wọn kúrò níbẹ̀, níbo ni wọ́n fẹ́ lọ nígbà tí omi míì ò sí?

Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tàn ẹ́ wọ Old Oyo National Park tìtorí pé omi ṣì wà níbẹ̀ o. Ìjọba ò gba ọdẹ láyè níbẹ̀ rárá, wọ́n ń mú èèyàn.

Ṣadé_Ẹyẹ:

Bàbá wa, ẹ ṣé gan-an, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko igbó ni mo kà níléèwé, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ lé e.

Bọ̀dá mi, ìpalára tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣe fún pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tá a wà yìí lẹ máa ti rí i, ìgbà òjò ló ti ṣẹlẹ̀ tán. Àwọn olójú funfun yìí, ìgbà òjò ni wọ́n ń yé, ilẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń yé sí, nínú koríko gíga tí ò jìnnà sómi. Ẹyin mẹ́jọ sí méjìlá, tako tabo ló ń sàba lé e, ó máa tó bí oṣù kan kó tó pa. Ọmọ tó bá jáde, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé omi torí ìyẹ́ ò tíì sí. Bí omi bá wà nítòsí, ó bọ́. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n máa kó wọn gbà, àṣá wà lókè, àwọ́nríwọ́n wà nílẹ̀, ejò ńkọ́. Mélòó ló máa débẹ̀? Ọdún míì tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le jù wọn ò tiẹ̀ ní yé rárá. Ìyẹn ni pé nínú àwọn tẹ́ ẹ̀ ń gbúròó ní dáàmù yẹn, àgbà ló máa pọ̀ jù, ọmọ ọdún yìí máa kéré. Àgbà ẹyẹ lè fara da ọdún burúkú kan kó tún yé lọ́dún tí òjò bá dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa á lẹ́ẹ̀rùn yìí, tí òjò wá rọ̀ lẹ́yìn náà, ta ló fẹ́ yé?

Ohun míì wà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í kíyè sí. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá tọ́mọ tán, gbogbo ìyẹ́ tó fi ń fò ló máa já lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní lè fò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí òmíì fi máa hù. Àsìkò yẹn, àárín òṣíbàtà àti koríko odò ló ń sá sí. Tí omi bá fà, koríko yẹn á wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbí, omi á wà lọ́hùn-ún, ẹyẹ á wá dúró sójú gbangba. Ọmọdé lè fọwọ́ mú un. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ mú un.

Àmọ́ o, ọ̀gbẹlẹ̀ ò burú tán. Ilẹ̀ àbàtà tó bá gbẹ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ewé àti pàǹtí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ máa jẹrà dáadáa, koríko máa hù lórí ẹ̀, ó máa so. Nígbà tí omi bá padà dé, èso koríko yẹn wà níbẹ̀, kòkòrò máa bí sí i, ìgbín odò máa bí sí i, oúnjẹ rẹpẹtẹ ni fún pẹ́pẹ́yẹ. Omi tí kì í fà rárá, oúnjẹ inú ẹ̀ máa ń dín tó bá yá. Torí náà àbàtà bàbá yín ò tíì kú o, bẹ́ ẹ ò bá ti gbẹ́ kòtò fi fa omi ẹ̀ dànù tàbí kẹ́ ẹ kọ ebè sí i. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé làwọn èèyàn máa ń ní ilẹ̀ tuntun ti jáde, wọ́n á ro ó, wọ́n á da kẹ́míkà sí i, òjò á wá dé kò ní bá àbàtà mọ́.

Ẹ wo òkè lọ́hùn-ún. Láwọn ọdún 1960, Adágún Chad fẹ̀ tó bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà tí ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 fi máa jà tán, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Àbàtà Hadejia-Nguru náà, ọ̀dá bá a jà, dáàmù Tiga tí wọ́n kọ́ ní 1974 tún dá omi ẹ̀ dúró lókè, ohun méjì ló pawọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kan wà tó ń ti Yúróòpù àti Rọ́ṣíà fò wá síbẹ̀ lọ́dọọdún láti sá fún òtútù. Ibi tí omi ò bá sí lápá òkè, ọdún tí wọ́n bá padà lọ sílé wọn, iye wọn á ti dín.

Àkànní_Saskatoon:

Àńtí Ṣadé, ẹ kú àlàyé. Ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rìn lèmi o, Kánádà ni mo wà, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń yé gan-an. Àwọn kòtò omi kéékèèké lóríṣiríṣi ló wà nínú pápá níbí, yìnyín ayé àtijọ́ ló gbẹ́ wọn, kò jìn, tí òjò àti yìnyín ò bá tó lọ́dún kan wọ́n á gbẹ ni. Àtọdún 1955 ni wọ́n ti ń fi bàálù ka pẹ́pẹ́yẹ lójú ọ̀run lọ́dọọdún. Mílíọ̀nù 38.9 ni wọ́n kà ní 2019, Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ka ti 2020 àti 2021, ọ̀dá ńlá sì dá ní 2021 yẹn, ìgbà tí wọ́n máa padà kà á ní 2022 ó ti di mílíọ̀nù 34.2.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé tí ọ̀dá bá ti dá, òfin ọdẹ náà á le sí i. Lọ́dún 1988, lẹ́yìn ọ̀dá burúkú, ìjọba Amẹ́ríkà gé ọjọ́ ọdẹ apá odò Mississippi sí ọjọ́ 30 péré, pẹ́pẹ́yẹ 3 lójúmọ́. Àwọn ọdẹ pariwo àmọ́ wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn ọdẹ yẹn náà ló ń ra sítáǹbù àṣẹ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ lọ́dọọdún láti 1934, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra àbàtà kẹ́nikẹ́ni má baà gbẹ ẹ́. Àwa ńkọ́? Ìjọba lè má rójú, ṣùgbọ́n olúọ́dẹ àti ẹgbẹ́ ọdẹ lágbára tó láti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn ní dáàmù láàárín oṣù báyìí sí báyìí. Wọ́n ṣe é fún ẹran igbó rí, kí ló dé tí wọn ò lè ṣe é fún ẹyẹ odò?

Àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń ra ẹ̀tù, ẹ sọ fún wọn pé ọdún tọ́mọ ẹyẹ bá kéré, ọdẹ máa ń le. Ọmọ ẹyẹ ló máa ń gọ̀. Àgbà ti gbọ́ ìró ìbọn rí, tó bá rí orí èèyàn nínú koríko ó ti yà bàrá. Ẹ máa rí wọn lọ́pọ̀ lójú omi, wọn ò sì ní wá sọ́dọ̀ yín.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́:

Ẹ ń sọ̀rọ̀ omi, ẹ ò dárúkọ àwa tá à ń fi pọ́ǹpù fà á. Èmi ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò létí omi, tí mi ò bá bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀fọ́ wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ yín? Kẹ́ ẹ má wá di ẹ̀bi rù wá. Ibi tí òṣíbàtà wà a lè fi í lẹ̀ fún ẹyẹ, ká máa fa omi lápá kejì, ìyẹn ò le. Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ bá wí ni àwọn ọmọkùnrin tó ń da Gamalín, oògùn apakòkòrò yẹn, sómi lóru tórí pé kòtò ti kéré, ẹja ò ríbi sá sí mọ́. Tílẹ̀ bá mọ́ ẹja á léfòó, àkèré á léfòó, wọ́n á kó o lọ tà fún èèyàn.

ỌmọỌdẹ_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, ẹ ò ní rẹ̀yìn wa o. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi apẹja yẹn tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní àwọn rí pẹ́pẹ́yẹ bíi mélòó kan létí kòtò omi kékeré kan tó yà kúrò lára dáàmù, méjì ti kú, àwọn tó kù ò lè gbé ọrùn dúró, apá ni wọ́n fi ń wọ́lẹ̀. Àwọn kan ti fẹ́ dáná sun wọ́n. Kí lèyí?

Ṣadé_Ẹyẹ:

Ẹ pè é padà kíákíá, kẹ́nikẹ́ni má jẹ ẹ́! Nǹkan mẹ́ta ló lè jẹ́, a ò sì lè fojú dá wọn mọ̀. Ó lè jẹ́ Gamalín tí màmá sọ, ìyẹn, bó o sè é bó o sun ún kò ní kúrò lára ẹran. Ó lè jẹ́ botulism, kòkòrò àìfojúrí kan ló ń ṣe májèlé yẹn nínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, tó dúró sójú kan, tó sì gbóná. Ọrùn tó ń rọ̀ tí ẹyẹ ò lè gbé dúró yẹn jọ ọ́ gan-an. Idin tó bá jẹ òkú ẹyẹ á kó májèlé náà sínú, ẹyẹ míì tó bá jẹ idin yẹn òun náà á kú, bó ṣe ń ràn nìyẹn, ìdí nìyẹn tí òkú ẹyẹ ò fi gbọdọ̀ wà létí omi. Ẹ̀kẹta ni àrùn ẹyẹ (bird flu) tó wọ Nàìjíríà ní 2006, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kàdúná, ìyẹn sì lè ran adìyẹ ilé, ó lè ran èèyàn.

Kí wọ́n má fọwọ́ lásán kàn án. Kí wọ́n ti ajá àti adìyẹ mọ́lé, kí wọ́n pe dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ kó wá wò ó kó sì mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èyí tó bá kù, tí dókítà bá ti ní kí wọ́n sin ín, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kó jìnnà sómi, kí wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́, kí wọ́n fọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ nínú ẹ̀ ṣáájú, tí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tí ò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ yìí, kí wọ́n má dúró de àárọ̀.