Ibọ̀sẹ̀ wúùlù tí mò ń fọwọ́ yí hun ń tà, ṣùgbọ́n n kò rówó rẹ̀ mú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Leicester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú òtútù. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó pinnu.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá òyìnbó kan ládùúgbò wa ń palẹ̀ ẹrù ilé rẹ̀ mọ́, ó sì ta ẹ̀rọ ìhunbọ̀sẹ̀ kan fún mi. Irin ni látòkè délẹ̀, ó rí rìbìtì bí agolo mílíìkì ńlá, abẹ́rẹ́ 72 ló tò yí i ká. Kò lo iná mànàmáná rárá. Etí tábìlì la máa ń dè é mọ́, a ó wá máa fọwọ́ yí i bí ìgbà tí àwọn ìyá wa ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dunni tó, kéèyàn ti hun ibọ̀sẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí òwú ta kókó lójijì, kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọ̀ọ̀, ó di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni mo fi ń yí ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ pa ojú ibi ọmọ ìka dé, n óò ki àwọn etí òwú bọnú. Gbogbo rẹ̀ á tó wákàtí méjì.

Sátidé ni mò ń gba ìsọ̀ lọ́jà, pọ́n-ùn 25 lójúmọ́. Péà mẹ́wàá ni mò ń gbé lọ, pọ́n-ùn 10 ni mò ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí aago méjì ọ̀sán bá fi máa lù, ó ti tán. Àwọn èèyàn ń yìn mí. Àmọ́ bí oṣù bá parí, n kò rí nǹkan kan dì mú. Ọkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ọjà lò ń tà ni, àbí sàráà lò ń ṣe?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà fẹ́ mọ̀ ni.

Ìkejì, obìnrin kan tó rà lọ́wọ́ mi nínú oṣù Kẹwàá dá a padà. Ẹsẹ̀ kan ti lu ní gìgísẹ̀. Nígbà tó sì jù wọ́n sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, méjèèjì súnkì dórí pé ọmọ ọdún mẹ́ta ló lè wọ̀ wọ́n. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo tọrọ àforíjì. Wúùlù pọ́ńbélé ni mo ń lò nígbà yẹn, tí mo rà ní pọ́ọ́kú. Láti ìgbà náà mo ti bọ́ sórí òwú ibọ̀sẹ̀ gidi, wúùlù ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, náílọ́ọ̀nù ìdá 25. Pọ́n-ùn 9 ni òwú gíráàmù 100, péà kan sì ń jẹ tó gíráàmù 80.

Ìkẹta, bí mo bá dé gìgísẹ̀, ọwọ́ òsì ẹ̀rọ máa ń já ojú òwú sílẹ̀. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ oníwọ̀ gbé e padà, ṣùgbọ́n ojú mi ń rí i.

Èló ni kí n máa tà á? Kí ni mo lè ṣe sí gìgísẹ̀ yìí? Àbí kí n kúkú gbé ẹ̀rọ náà tà?

Àǹtí Oníkáádígàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbé ẹ̀rọ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Káádígàn ilé-ìwé ni mo fi ọdún mọ́kànlá hun n'Íbàdàn kí n tó dé ìlú yìí. Ẹ̀rọ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ ni, a máa ń ti ọwọ́ rẹ̀ lọ sí òsì, sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà ni: ó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ lórí bí ìwọ̀, ó sì ní ahọ́n kékeré kan tó ń ṣí tó ń dé. Ahọ́n yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ojú òwú tuntun bá wọ ẹnu ìwọ̀, ojú òwú àtijọ́ á ti ahọ́n dé, á sì yọ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí ahọ́n bá ti tẹ̀, tàbí tó dọ̀tí tí kò lọ dáadáa, ojú òwú ò ní lè kọjá, á já.

Nítorí náà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ apá òsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e dání, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ahọ́n gbọ́dọ̀ ṣubú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fìka kàn án. Èyí tí kò bá ṣubú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí i, kó má ju ẹ̀kán kan lọ o, kó má baà kó àbàwọ́n bá ibọ̀sẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ má fi eyín gé e jẹ pé ẹ fẹ́ tún un ṣe, yóò kàn tún já lọ́la ni.

Bó bá ṣe pé abẹ́rẹ́ kò ní nǹkan kan, a jẹ́ pé òṣùwọ̀n ni, irin wíwúwo tó ń fa aṣọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń hun ojúgun, gbogbo abẹ́rẹ́ 72 ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ń yí i lọ yíká, òṣùwọ̀n tó wà láàárín sì ń fà á bákan náà. Ṣùgbọ́n ní gìgísẹ̀, ẹ ó ti gbé ìdajì sókè, 36 péré ló kù, ẹ ò sì yí i ká mọ́, ẹ ń lọ ẹ ń bọ̀ ni. Òṣùwọ̀n àárín kò lè fa igun méjèèjì. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré kọ́ igun ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ sì máa gbé wọn sókè ní bíi ìlà mẹ́fà mẹ́fà bí aṣọ ṣe ń gùn. Ẹ tún wo sípíríìngì òkè, níbi tí òwú ti ń gbà sọ̀ kalẹ̀: bí ẹ bá yí ọwọ́ padà, òwú á dẹ̀, sípíríìngì ló sì yẹ kó fà á le kíákíá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tiyín ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì sáré ní gìgísẹ̀. Ẹ máa kà á.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ilé mà. Bàbá mi hun aṣọ òkè títí ọjọ́ fi rọ̀ wọ́n lórí, mo sì máa ń jókòó tì wọ́n nídìí òfì. N kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n fi iye òwú nìkan dá oníbàárà lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ Sátidé kan pọ̀. Péà mẹ́wàá, pọ́n-ùn 100 ló wọlé. Gíráàmù 80 nínú òwú pọ́n-ùn 9 jẹ́ pọ́n-ùn 7.20, tó túmọ̀ sí 72 fún mẹ́wàá. Ìsọ̀ 25. Ó ku pọ́n-ùn 3. Bí ẹ bá wá wọ bọ́ọ̀sì ní pọ́n-ùn 3 lọ, pọ́n-ùn 3 bọ̀, ẹ ti jẹ gbèsè pọ́n-ùn 3. Ogún wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ mà nìyẹn, Ìyá Ìbejì! Ẹ tún fi owó tiyín kún un kí àwọn èèyàn lè wọ ibọ̀sẹ̀. Bàbá ìbejì ò purọ́.

Pọ́n-ùn 18 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Pé ọjà yín ń tán láago méjì gan-an fi hàn pé owó rẹ̀ ti kéré jù.

Bàbá Manchester

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra o. Mo ti tajà ní ìlú yìí fún ọdún pípẹ́. Ibọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ń dì pọ̀ tà ní owó tí kò tó nǹkan ní ilé ìtajà ńlá. Bí Ìyá Ìbejì bá pe tirẹ̀ ní pọ́n-ùn 18, wọ́n á kàn kí i tán, wọ́n á kọjá lọ. Kó dúró sórí 10, kó wá òwú tí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Òwú tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ló ṣáà lu ní gìgísẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Ẹni tó fẹ́ ibọ̀sẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ti mọ ibi tó ń lọ, kò ní yà sídìí ìsọ̀ wọn rárá.

Àǹtí Oníkáádígàn

Òótọ́ lẹ sọ nípa òwú, Bàbá, àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni tó bá ra odindi kílò kan tó wà lórí kóònù, tí kò tíì ní àwọ̀, máa ń rí ẹ̀dínwó ju ẹni tó ń ra gíráàmù 100 lọ. Náílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ o, nítorí gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ni bàtà ń ha. Kí ẹ sì béèrè fún wúùlù tí wọ́n ti ṣe tí kò ní súnkì. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ lára tí ojú lásán ò lè rí. Bí omi gbígbóná àti ìfúnpọ̀ bá pàdé rẹ̀, àwọn ìpẹ́ yẹn á gbá ara wọn mú, wọn ò sì ní tú sílẹ̀ mọ́. Òun ló sọ ibọ̀sẹ̀ obìnrin yẹn di ti ọmọ ọwọ́.

Gíráàmù 20 tó ń ṣẹ́kù lára òwú kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí ẹ bá kó ti mẹ́rin jọ, péà kan nìyẹn, aláwọ̀ oríṣiríṣi, ẹ ò náwó kan lé e.

Bọ̀dá Ìṣirò

Ẹ má bínú pé mo ń bèèrè o, irú físà wo lẹ wà lórí? Kì í ṣe òfófó. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò ṣe fúnra rẹ̀ nílùú yìí, ì báà ṣe ibọ̀sẹ̀, ì báà ṣe oúnjẹ.

Ìyá Ìbejì Leicester

Ẹ ṣeun Bọ̀dá. Ọkọ mi ni wọ́n fún ní físà iṣẹ́, èmi wà lábẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò wa ti sọ fún mi pé mo lè dá òwò ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Ìṣirò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí owó tó wọlé láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún kejì bá ju pọ́n-ùn 1,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá tó bá tẹ̀ lé e. Owó tó wọlé ni mo wí, n kò sọ pé èrè. Ní pọ́n-ùn 100 ní Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré lẹ ti kàn án. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sílẹ̀, títí kan bọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí òwú jẹ́ sára lébẹ́ẹ̀lì ibọ̀sẹ̀, ìdá wúùlù àti ìdá náílọ́ọ̀nù. Òfin ni fún aṣọ tí à ń tà níbí. Ẹ fi bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ kún un, kí ẹlòmíràn má baà tún da omi gbígbóná lé e lórí. Kí ẹ sì bi àwọn tó ń bójú tó ọjà bóyá wọ́n ń béèrè ìwé ìbánigbófò, ọ̀pọ̀ ọjà ló ń béèrè.

Ìyá Alákàrà Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́jà! Ìdí akàrà mi ni mo ti kọ́ ọ. Níjọ́ tí mo dín in wá látilé, ó dúró títí ó fi tutù. Níjọ́ tí mo gbé agbada síwájú ìsọ̀, òórùn rẹ̀ ló pe èrò. Ẹ de ẹ̀rọ yín mọ́ tábìlì, kí wọ́n máa rí i bí ibọ̀sẹ̀ ṣe ń jáde nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ná a sí pọ́n-ùn 10 lẹ́yìn tó bá ti rí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fìka kàn án ṣá.

Ará Nottingham

Ìlú tí ẹ wà yẹn gan-an, ìlú ibọ̀sẹ̀ ni láyé àtijọ́. Calverton, ní ìpínlẹ̀ Nottingham tiwa níbí, ni William Lee ti ṣe ẹ̀rọ ìhunbọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1589. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ahunbọ̀sẹ̀ wà ní Ruddington, ẹ̀rọ rìbìtì bíi tiyín wà níbẹ̀. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín kan dání lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì Leicester (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní láti wá jábọ̀.

Ahọ́n abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló ti tẹ̀ lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe wí. Mo yọ wọ́n, mo fi mẹ́rin tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ rọ́pò wọn. Mo so ṣíbí irin méjì mọ́ igun gìgísẹ̀, torí n kò tíì rí òṣùwọ̀n kékeré rà. Láti ìgbà yẹn, n kò já ojú òwú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ lọ sọ́jà. Mo kọ 18 sórí páálí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́. Péà méje ni mo tà. Ó ku mẹ́ta, mo gbé wọn bọ̀ wálé, inú mi ò sì bàjẹ́. Owó òwú méje, owó ìsọ̀, owó bọ́ọ̀sì, mo yọ gbogbo wọn, ó ku pọ́n-ùn 44.60 sí mi lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá òyìnbó kan wá dúró tì mí tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Ó wá ní òun ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ibọ̀sẹ̀ nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Ó mú ẹsẹ̀ kan, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò ra ibi tí mo ti pa ojú ọmọ ìka dé. Kò bá kókó kankan níbẹ̀, ó mi orí pé ó dáa. Ó wá yí inú rẹ̀ síta, ó nà án síwájú ìmọ́lẹ̀, ihò kékeré bí orí abẹ́rẹ́ sì wà ní igun gìgísẹ̀. Ó ní kí n tó padà sí yíyíká, kí n fa ojú òwú kan láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n gbé e kọ́ abẹ́rẹ́ igun yẹn, ihò á dí. Mo ṣe é lójú rẹ̀. Ó dí. Ó ra méjì, tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀.

Bàbá Manchester, ẹ má bínú sí mi, mo ti mú péà kan sílẹ̀ fún yín, ẹ fi nọ́ńbà bàtà yín ránṣẹ́.

Àǹtí Oníkáádígàn, kò sí abẹ́rẹ́ kankan nínú àpótí mọ́. Mélòó ni kí n rà sílẹ̀?

Bàbá Manchester

Mẹ́sàn-án ni mò ń wọ̀. Ọlọ́run á bù sí i, ọmọ mi.

Àǹtí Oníkáádígàn

Ẹ ra méjìlá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ wo gígùn rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, àti ẹsẹ̀ tó yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ga ju tiyín lọ díẹ̀ báyìí, kò ní bá ẹ̀rọ yín mu.