Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, èmi san 750 yúrò

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ tí ẹ ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní Netherlands, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó lórí fọ́ọ̀mù ìdínkù owó-orí wọn.

Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí iléeṣẹ́ kan ní Eindhoven tó gbà mí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n bá torí ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mú wá láti òkèèrè lè gba 30% owó oṣù rẹ̀ láìsan owó-orí lórí rẹ̀, ọdún márùn-ún gbáko. (Tó bá di 2027, 27% ni fún irú àwa tá a bẹ̀rẹ̀ ní 2024.) Ṣùgbọ́n owó tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìyẹn kò gbọdọ̀ dín ní 46,107 yúrò lọ́dún tí mo dé yẹn.

Ajẹ́ńtì kan ní òun máa bá mi fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́, kí n mú 750 yúrò wá. Mo san án, mo rò pé owó ìjọba wà níbẹ̀. Kò sí o! Èmi àti iléeṣẹ́ mi la jọ máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ọ́fíìsì owó-orí kì í gba kọ́bọ̀.

Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀rí pé nínú oṣù 24 tó ṣáájú iṣẹ́, mo gbé ju oṣù 16 lọ níbi tó jìn ju 150 kìlómítà sí bodè wọn. Màmá mi tú àpótí ní Mákùn, ó rí ìdì ìwé iná tó fi rọ́bà so, orúkọ lándílọ́ọ̀dù ló wà lára gbogbo wọn. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ báńkì la fi rọ́pò. Ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀ ti pé.

Ajẹ́ńtì jókòó lé ìwé mi. Tí mo bá pè é, á ní ó ti wà lọ́dọ̀ wọn. Irọ́ ni, oṣù kẹsàn-án ló tó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tó wọṣẹ́ ni wọ́n ti máa kà á fún un. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé èyí tó fi ránṣẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Oṣù méje ni mo fi san owó-orí kíkún, inú mi ò tíì yọ́ sí i.

Nígbà tí àbúrò mi kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ríṣẹ́ síbẹ̀, mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe gbogbo ẹ̀, kò ná an ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ìwé tí mo kó jọ, kó bi mí. Mi ò ní gbowó.