Windows XP nínú laptop tuntun: ṣé virtual machine lè gba àwọn fáìlì ìtẹ̀wé mi là?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde kọ̀ǹpútà. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, láti ọdún 2003 ni mo sì ti ń fi PageMaker 7 to ìwé lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí Windows XP wà nínú rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìyàwó, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà, àwọn oníbàárà mìíràn sì máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé kí n tún ìwé orin àwọn tẹ̀, pé ojú ewé méjì péré ni àwọn fẹ́ yí padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná tí wọ́n mú dé ju agbára ẹ̀rọ lọ, kọ̀ǹpútà náà rú èéfín, ó sì kú lójú mi. Àwọn tó tú u wò sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, ṣùgbọ́n háàdì dísìkì rẹ̀ ṣì ń yí.

Ẹnìkan ní kí n lọ wá àlòkù kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà rà. Ẹlòmíràn ní kí n má wulẹ̀ náwó, pé mo lè fi XP sínú laptop mi, tó ń lo Windows 11 tí RAM rẹ̀ sì jẹ́ GB 8, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan bá wà nínú òmíràn, pé virtual machine ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá mo lè gbé háàdì dísìkì àtijọ́ náà wọ inú rẹ̀ bó ṣe wà, àti bóyá fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ inú XP kò ní ti ibẹ̀ bọ́ sínú laptop tí mo fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó mọ ìwé ju kọ̀ǹpútà lọ.

Alátùn-únṣe Ọ̀tìgbà

Ẹ kú àdánù, ọ̀gá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ virtual machine fún yín kò purọ́. VirtualBox, tí iléeṣẹ́ Oracle ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. Ńṣe ló ń tan XP: XP á gbà pé òun ní mọ́dábọ́ọ̀dù àti háàdì dísìkì tòun, bẹ́ẹ̀ fáìlì ńlá kan ṣoṣo lórí laptop yín ni ohun tó ń pè ní háàdì dísìkì. Bí àlòkù kọ̀ǹpútà tí ẹ bá rà ní Ọ̀tìgbà bá tún jóná, inú òfo lẹ tún padà sí. Ti fáìlì yìí, ẹ kàn máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí háàdì dísìkì mìíràn, kí ẹ sì gbé e sílé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tan Windows láti orí háàdì dísìkì àtijọ́ yẹn. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ USB, kí ẹ sì yẹ ẹnu rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí pé IDE ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ háàdì dísìkì ìgbà náà, èyí tí okùn rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìgbànú, ohun tí wọ́n sì ń tà jù lónìí, SATA nìkan ló ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ síbòmíràn, nítorí pé ẹ̀rọ tó ti tó ogún ọdún lè dákẹ́ nígbàkígbà.

Lóòótọ́, VirtualBox ní àṣẹ kan, VBoxManage convertfromraw, tó lè sọ ẹ̀dà odindi háàdì dísìkì di ti virtual machine, ṣùgbọ́n XP ti mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù tó jóná lára. Nígbà tó bá jí síbi tí kò mọ̀, ojú búlúù tí wọ́n kọ 0x0000007B sí lẹ ó rí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kò rí ọ̀nà dé orí dísìkì tirẹ̀ mọ́. Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí CD XP àti ti PageMaker bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi méjèèjì sínú virtual machine tuntun, kí ẹ wá kó fáìlì yín wọ inú rẹ̀. Ẹ rántí pé lísẹ̀ǹsì tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, ara kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n so ó mọ́. Èyí tí ẹ dá rà lọ́tọ̀ ló yẹ kí ẹ fi ṣiṣẹ́.

RAM GB 1 ti pọ̀ fún XP, dísìkì GB 20 náà á tó o. Dísìkì náà, orí IDE ni kí ẹ fi sí nínú VirtualBox, kì í ṣe SATA, nítorí pé XP kò mọ irú SATA tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ BIOS laptop wò, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó tàn, bóyá VT-x tàbí AMD-V, ohun tó ń ran virtual machine lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ, wà ní títàn. Bí ẹ bá rí àwòrán ìjàpá kékeré kan nísàlẹ̀ ojú VirtualBox, ẹ má bẹ̀rù: ó ń sọ fún yín pé Hyper-V, ètò virtual machine ti Windows 11 fúnra rẹ̀, ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà á wá máa rìn bí alábahun. PageMaker kò nílò eré púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ìjàpá náà máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá fi sórí NAT, èyí tí XP á fi máa gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì laptop jáde, kò séwu.

Akọ̀wé Marina

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, Alátùn-únṣe, àfi ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. NAT kò jẹ́ kí ẹni tó wà níta kan ilẹ̀kùn XP, ṣùgbọ́n kò dí XP fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti jáde lọ kó nǹkan wálé. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe XP dúró fún gbogbo gbòò. Nígbà tí WannaCry jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó sì ń béèrè owó, Microsoft tún padà wá fún XP ní àtúnṣe kan, ṣùgbọ́n ojú àánú ni, kì í ṣe àdéhùn. Ètò wo lẹ̀yin fẹ́ fi lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì nínú XP lónìí gan-an? Ìwé lẹ fẹ́ tò. Nítorí náà, nínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì VirtualBox, ẹ yan "Not attached", kí XP má tilẹ̀ mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà láyé.

Ní ti ìbéèrè yín nípa fáírọ́ọ̀sì, ọ̀gá, kí ó fọ́ ògiri virtual machine jáde ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ọ̀nà tí àwa fúnra wa ṣí sílẹ̀ fún un ló máa ń gbà. Ọ̀kan ni fóńdà tí XP àti laptop jọ ń lò: ohun tó bá ba fáìlì jẹ́ nínú XP yóò na ọwọ́ dé inú fóńdà yẹn bákan náà. Fóńdà méjì ni mo máa ń ṣe, ọ̀kan tí XP lè kà tí kò sì lè kọ nǹkan sí, tí mo ń gbà kó iṣẹ́ wọlé, àti ọ̀kan tó ṣófo tí ó ń gbà kó iṣẹ́ tó parí jáde, tí mo sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́.

Èkejì ni fláàṣì, ọ̀rọ̀ sì ti kan Ṣómólú gan-an níbí. Gbogbo wa la mọ bí fláàṣì oníbàárà ṣe máa ń rí: ó ti dé káfé mẹ́ta àti ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ yín. XP tí kò ní àwọn àtúnṣe ìkẹyìn rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣí ohun tó wà lórí fláàṣì fúnra rẹ̀ ní kété tí ẹ bá kì í bọ ihò. Ẹ má fi fláàṣì kankan han XP rárá. Orí Windows 11 ni kí ẹ ti ṣí i, kí ẹ̀rọ tó ń pa fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó gbé fáìlì tí ẹ nílò gba inú fóńdà àkọ́kọ́ wọlé. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ̀rọ apafáírọ́ọ̀sì orí laptop ń rí inú XP. Fáìlì ńlá kan ṣoṣo lòun rí lójú tirẹ̀.

Bí XP àti PageMaker bá ti jókòó dáadáa, ẹ ya snapshot, kí ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ náà bí nǹkan bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà sínú dísìkì XP kan náà, torí pé ọjọ́ tí ẹ bá dá snapshot padà, gbogbo ohun tí ẹ tò lẹ́yìn rẹ̀ á bá a lọ. Ó ti ṣe mí rí, ìwé ìròyìn ọdún ẹgbẹ́ kan ni mo fi kọ́gbọ́n.

Olóòtú Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì kún un, nítorí pé ìwé Yorùbá ni ọ̀gá ń tò. PageMaker kò mọ Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà èdè gbogbo. Ohun tí àwa tí a ń tòwé nígbà náà ṣe ni pé a lo fọ́ǹtì tí wọ́n ti yọ àwọn àmì tí Yorùbá kò nílò kúrò, tí wọ́n sì fi ẹ, ọ, ṣ àti lẹ́tà olóhùn rọ́pò wọn. Nínú XP tí fọ́ǹtì náà wà, ẹ ó ka "Ọlọ́run". Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan náà síta, "Ølörun" lẹ ó rí. Nítorí náà, láti inú fóńdà Fonts ti XP àtijọ́ yẹn, ẹ kó gbogbo fọ́ǹtì yín wá, kódà èyí tí ẹ rò pé ẹ kò lò, kí PageMaker má baà fi òmíràn dípò rẹ̀ kí ìlà orin sì fò kúrò lójú ewé.

Iṣẹ́ tí kò ní yí padà mọ́, ẹ sọ ọ́ di PDF nínú XP, kí fọ́ǹtì wọ inú rẹ̀, ó tán. Nínú InDesign, ètò ìtòwé tó rọ́pò PageMaker, CS6 ni èyí tó kẹ́yìn tó lè ṣí fáìlì PageMaker, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìwé orin tí wọn yóò máa tún ṣe, ẹ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bíi RTF, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé lè ṣí, kí ẹ wá fi Find àti Replace sọ àmì kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà Unicode rẹ̀, kí "Match case" sì wà ní títàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré á dàrú mọ́ra. Ẹ ṣọ́ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá wà láàárín. Nínú fọ́ǹtì tí mo lò, ipò àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ẹ̀ sí. Mo pàrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpolówó ọjà tó wà lẹ́yìn ìwé sì wá ń kéde ẹ̀dínwó "10ẹ̀". Oníbàárà ló rí i, kì í ṣe èmi.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ṣe é láti ọjọ́rú. CD méjèèjì wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ọ̀kan há díẹ̀ kó tó kà. Ìjàpá náà yọ lóòótọ́, ó sì ń rìn bí ìjàpá nígbà tí mo bá ń ṣí fáìlì tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú méjì jáde. Mo fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí "Not attached" bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ tí ń lo ihò LPT kò bá a mu, nítorí laptop kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. PDF ni mo ń gbé jáde, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí tuntun.

Ohun kan ló kù: nígbà mìíràn, bí mo bá tẹ inú XP, mouse mi á há síbẹ̀, kò ní jáde mọ́, ní alẹ́ àná ni mo pa laptop tipátipá nítorí rẹ̀.

Alátùn-únṣe Ọ̀tìgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún pa á bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀gá, bí iná tó ń lọ láìròtẹ́lẹ̀ ni ó ń rí lára dísìkì XP yẹn. Ẹ tẹ Ctrl ti ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, mouse á jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde lórí iṣẹ́, ẹ yan "Save the machine state" dípò kí ẹ tì í: ibi tí ẹ bá fi ìlà sí ni ẹ ó ti bá a láàárọ̀.