"Ẹ má gbé nǹkan wúwo mọ́": ìrírí àwa tó ń fi ẹrù mú ara le

Ará Òkèlele, Ìlọrin

Ọkùnrin ọdún 54 ni mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine àti lisinopril ni mò ń lò. Ọ̀kadà gbá mi ní Gẹ̀rí Alímì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, egungun ojúgun ọ̀tún kán, wọ́n fi irin àti sukúrù so ó pọ̀, irin náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ara tí mo fi ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn tí egungun jinná, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ilé ń sọ fún mi: "Ẹ má gbé nǹkan wúwo mọ́ o." Ìyàwó mi á gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ á ní kí n jókòó. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ẹnìkan á ti sáré dé. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn ló ń gba agbára lára mi. Itan ọ̀tún joro títí ṣòkòtò fi ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lápá kan. Eékún òsì, tí ohunkóhun kò ṣe rí, bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nítorí òun nìkan ló ń gbé mi kiri.

Ibi tó ká mi lára jù ni mọ́sálásí. Rúkúù kò ni mí lára. Mo lè lọ sílẹ̀ fi orí kanlẹ̀. Dídìde padà lórí ẹní ni iṣẹ́ wà. Màá fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, màá yí ìdí sápá kan, màá wá di èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ mi mú, nígbà tí màá fi nàró tán, lèmọ́mù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka Fàtíà parí. Wọ́n bá gbé àga fún mi sí ìpẹ̀kun sáfù. Ẹ̀sìn fàyè gba ẹni tí kò bá lè dìde láti jókòó kírun, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ojú burúkú wo ẹni tó wà lórí àga. Ṣùgbọ́n baba tó wà lórí àga kejì ti lé ní 80. Èmi ò tíì pé 50 nígbà náà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ physio, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé nílé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ sọ òdìkejì fún mi. Ó ní kí n jókòó lórí àga, kí n ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kí n dìde láìdi nǹkan kan mú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, egungun yín ti jinná. Iṣan tó yẹ kó máa gbé e ni kò ríṣẹ́ ṣe." Ó ṣàlàyé fún mi pé láti nǹkan bí ọdún 30 ni iṣan ara ti ń dín kù fún gbogbo ènìyàn, ìdá 3 sí 8 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Tí wọ́n bá wá dá ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó, àdínkù mìíràn á tún gun orí ti tẹ́lẹ̀. Ẹrù ló ń dá a padà, ẹrù tó pọ̀ tó kí iṣan mọ̀ pé wọ́n gbé nǹkan lé òun, tí kò sì pọ̀ jù.

Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí àdúgbò wa kò jìnnà sí Dàda níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ ó rí ìyá àgbà tó ń po amọ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń nàró, tó ń gbé ìkòkò láti ibi kan dé ibòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó gba amọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n pé 50.

Ohun tí mò ń ṣe kò le. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga gíga: jókòó, dìde, jókòó, dìde. Nígbà tí ìyẹn rọrùn, mo bọ́ sórí àga tó relẹ̀, lẹ́yìn náà àpótí ìdáná. Lẹ́yìn àpótí ni mo tó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 mọ́ àyà. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi díẹ̀díẹ̀ kún ẹrù: ẹ bu omi sí i bí agbára yín bá ṣe ń pọ̀ sí i. Mo tún máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Mo ń fi ọwọ́ ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ọjọ́ ìsinmi wà láàárín. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ọ́ nínú ìmọ̀ràn wọn ti ọdún 2020 pé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà máa mú iṣan le, wọ́n sì dárúkọ àwa ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti àwọn onítọ̀ ṣúgà mọ́ ọn. Wọn ò yọ wá sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Èémí ni gbogbo rẹ̀. Tí ènìyàn bá sé èémí mọ́ra tó fi gbé nǹkan wúwo, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè lójijì. Ìgbà tí ẹ bá ń dìde, tí iṣẹ́ le, ìgbà náà ni kí ẹ tú èémí jáde. Èmi máa ń wí "Subhanallah" jáde lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń nàró, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè sé èémí. Mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, mi ò gbé ohunkóhun lọ́jọ́ náà, dókítà ni mò ń wá. Tí mo bá sì parí, mi kì í jókòó gbì. Mo máa ń rìn díẹ̀, nítorí oògùn wa máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ni tí a bá dúró lójijì. Àyà dídùn tàbí èémí tó ń há kì í ṣe ohun tí a ń fara dà, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nípa ìrora: iṣan tó ń ro ẹ́ lọ́jọ́ kejì, tó rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ló ṣe. Oríkèé tó ń gún, tó wú, tàbí tó ń dùn sí i bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹ dín ẹrù kù. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé diclofenac tàbí ibuprofen mì lójoojúmọ́ kí ẹ lè máa gbé irin. Wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Fún ẹni tó bá ń lo lisinopril, kíndìnrín lè fara gbá a. Mo ń rí i bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń rà á ní kẹ́míìsì bí ẹni ra gúgúrú, ó sì ń dùn mí dọ́kàn.

Mo ti dá àga mọ́sálásí padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò tíì tó òsì, ọyẹ́ sì máa ń jẹ́ kí ibi irin náà ro mí. Ní àṣàmù tó gùn, mo ṣì máa ń jókòó ní àwọn rákà kan. Ṣùgbọ́n ìrun ọ̀ranyàn márààrún, orí ẹní ni, mo sì ń dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Ará Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ni mí, ọdún 49, mò ń ta aṣọ. Ìtọ̀ ṣúgà ni tèmi.

Èjìká òsì mi ló kọ́kọ́ gan. Mi ò lè so gèlè, mi ò lè nawọ́ sẹ́yìn de kọ́mú, aṣọ tó wà lókè pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìṣọ́ọ̀bù ló ń bá mi mú un. Ìgbà tí ọmọbìnrin mi bímọ, wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ òsì kò dé ibi tí màá ti fa ọ̀já. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ní àsàsí ni, kí n wá bí mo ṣe máa ṣe é. Dókítà ló sọ fún mi pé irú èjìká bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwa onítọ̀ ṣúgà ju àwọn ẹlòmíràn lọ, àti pé ó lè ju ọdún kan lọ kó tó tú. Mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ní ṣúgà gbọ́ èyí, nítorí owó tí àwọn kan ti fi wá ohun tí kò sọnù pọ̀.

Ọkàn mi fà sí jíìmù. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ gbé irin fún mi, ó ní kí n tì í sókè orí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ọwọ́ mi ò dé òkè, ó ní kí n fagídí ni. Mo gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, mo lọ sílé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe yín, ẹ má fún un ní ara yín.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Ìka ọwọ́ ni mo fi ń gun ògiri, díẹ̀díẹ̀, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí mo dé. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, mo so túùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ irin fèrèsé, mò ń fà á wá sí ìhà mi, ìgúnpá mọ́ra, láìyára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ike omi tó kún, lẹ́yìn náà irin kékeré. Mo ti ń so gèlè mi fúnra mi. Ọmọ-ọmọ mi náà, mo ti ń pọ̀n ọ́n.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tí ṣúgà ṣe. Iṣan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá sì ń ṣiṣẹ́, ó ń fà á wọlé kódà níbi tí insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹni tó ń lo metformin nìkan nínú àwọn oògùn ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ kì í sábà já wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n èmi ń lo glimepiride mọ́ ọn, ìyẹn lè já a wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ní òru, lẹ́yìn tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ ṣe nǹkan. Mo ń wọ̀n ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó 90 mg/dL, màá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí dàbínù díẹ̀. Ṣúgà onígun ò sì kúrò nínú àpò mi. Ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn tútù, ojú ṣíṣú: ẹ má dúró wò ó. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, nítorí ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri lè gbọgbẹ́ kí olówó rẹ̀ má mọ̀.

Wọ́n ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ di ọkùnrin ni. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni wá, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mi ò mọ ìgbà tí agbára di èèwọ̀ fún obìnrin nílùú wa. Àwọn ìyá wa pọnmi, wọ́n gúnyán, wọ́n ru igi. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa báyìí. Tí nǹkan oṣù bá sì ti dáwọ́ dúró, egungun obìnrin ń fúyẹ́ kíákíá, ẹrù gbígbé wà lára ohun tó ń dá a dúró. Kí ni ká wá máa sá fún?

Ará Òmù-Àrán

Mo ti pé 61, iṣu ni mò ń kó láti oko wá sọ́jà. Ẹ̀yìn ló dá mi lóró, tó ń ta bọ́ sí itan títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn physio kọ́ mi kò pọ̀: kí n ti ìdí sẹ́yìn, kí n má tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ, kí ẹrù súnmọ́ ikùn, kí n fi ẹsẹ̀ yí gbogbo ara, kí n má lọ́ ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Mo fi igi ìgbálẹ̀ lásán kọ́ ọ kí n tó fi iṣu ṣe é. Mo ń gbé apẹ̀rẹ̀ báyìí, tí mo bá ti pín in sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un, nítorí mo mọ ẹni tó pẹ́ jù nílé: tí ojú ara tàbí àárín itan bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣe é tọ̀, tàbí kò ṣe é dá dúró, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfọwọ́ra.

Àbúrò mi ti Òkèlele, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nínú ààwẹ̀? Àti ìyáa wa Ọ̀fà, níbo ni mo ti lè rí túùbù yẹn?

Ará Òkèlele, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mi kì í gbé nǹkan lọ́sàn-án ààwẹ̀, nítorí omi ò sí lára. Lẹ́yìn ìṣínu, tí oúnjẹ bá ti wálẹ̀ díẹ̀, ni mò ń ṣe é, mo sì ń dín ẹrù kù. Àwa tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà gbọ́dọ̀ ti bá dókítà to àkókò oògùn ṣáájú kí oṣù tó yọ.

Ará Ọ̀fà

Ẹ lọ bá àwọn tó ń lẹ táyà, ẹ ní kí wọ́n ta túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ibi ẹnu atẹ́gùn àti gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ rí kúrò, ibẹ̀ ló máa ń já. Ti kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, ti ọ̀kadà le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.