Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ó tó di Sátidé: ibo ni opó lè jókòó sí pẹ̀lú àlejò ní Iléṣà?

Màmá Òkèṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnìkan ń bọ̀ láti Ifẹ̀ ní Sátidé yìí kí a lè jọ sọ̀rọ̀. Mo ń wá ibi tí ó dákẹ́, tí ó sì níyì, tí opó bíi tèmi lè jókòó sí díẹ̀ láìjẹ́ pé ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé ọjà Atákúnmọ́sà kí n tó dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ Ọwá: Mà, kò sí irú ibẹ̀ ní Iléṣà. Ibikíbi tí ẹ bá jókòó sí, ìbátan àna yín ni yóò gbé omi wá fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sí Ifẹ̀, ọ̀nà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tóbi, igi pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí yóò kọjá lára yín kò sì mọ̀ yín rí.

Tíṣà Àgbà: Erin-Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ lọ. Ìró omi Olúmirin tó ń já láti orí òkè kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ìpele 7 ni omi yẹn ní, ẹ kò sì tíì béèrè bí orókún wọn ṣe rí.

Tíṣà Àgbà: Ta ni ó ní kí wọ́n kọjá ìpele àkọ́kọ́?

Ìyá Elépo: Kí ẹ tó wá àga fún wọn, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ ẹni náà. Lẹ́yìn ikú bàbá àwọn ọmọ mi, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi lórí Facebook pé ìyàwó òun ti kú, pé ẹnjiníà ni òun níbi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun. Àràárọ̀ ni ó ń kí mi, ó sì ń fi orúkọ àwọn ọmọ mi gbàdúrà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, ó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá ẹrù òun dúró. Owó ọjà mi ni mo fi ràn án lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni ó tún ní ara òun kò yá. Kò fìgbà kankan jẹ́ kí n rí ojú òun lórí fóònù. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bi mí lálaalẹ́ bóyá mo ti jẹun ni mo pàdánù, n kò sì lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín.

Ọmọ Ọwá: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ láti Ifẹ̀ kì í ṣe ẹni ojú òkun.

Àlhájà Sábó: Ṣé olè kì í wọ mọ́tò ni? Ní ti òfófó, bí oṣù 4 àti ọjọ́ 10 bá ti kọjá, ẹ̀sìn tiwa kò dí opó lọ́wọ́ láti tún fẹ́ ẹlòmíràn.

Tíṣà Àgbà: Láyé àtijọ́, ẹbí ọkọ ni ì bá ti ṣú wọn lópó, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ibí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọkùnrin ni ẹ máa ń rántí ayé àtijọ́ yẹn.

Agbẹjọ́rò Lágerè: Ẹ jẹ́ kí a ronú jìnnà. Bí wọ́n bá dé ìdí ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, ìkéde yóò wà ní gbangba fún ọjọ́ 21, ìgbéyàwó náà yóò sì sọ ìwé ìhágún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti ṣe tẹ́lẹ̀ di asán. Kí wọ́n tún un ṣe nítorí àwọn ọmọ.

Ọmọ Ọwá: Ibi ìjókòó ni wọ́n béèrè, ẹ ti gbé wọn dé kọ́ọ̀tù.

Màmá Òkèṣà: Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni náà kì í ṣe àjèjì. A jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà ni, olóògbé ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó bá mi dáná nígbà ìsìnkú ọkọ mi. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ibi ìkọ̀kọ̀ tí mo ń wá gan-an ni yóò mú kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀. Mo ti ní kí ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní agogo 12 ọ̀sán, mo sì ti sọ fún àbúrò ọkọ mi pé àlejò ń bọ̀. Iyán ni n ó gún. Ta ni ó mọ ibi tí a ti lè rí iṣu tí kò lómi nínú lásìkò yìí?

Ìyá Elépo: Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pàtẹ sẹ́bàá títì. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, oníbàárà mi ní àkù iṣu, n ó sì bá yín mú epo dání. Bí àlejò bá mẹ́nu kan ẹrù tí wọ́n dá dúró níbikíbi, ẹ gbé iyán náà wọlé.