Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ọmọ ọdún mẹ́fà: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Ṣágámù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọmọ Rẹ́mọ ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ a ní ọmọ Haúsá láti Sábó, a ní ọmọ Ígbò, àfín kan náà wà. Wọ́n ń fi "gàm̀bàrí" àti "kòbókòbó" bú ara wọn. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní kórìíra òyìnbó?

Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìjókòó kíláàsì. Àfín kì í sábà ríran jìnnà, oòrùn sì tètè ń jó awọ rẹ̀. Iwájú pátákó ló yẹ kó wà, abẹ́ ibòji ló sì yẹ kó dúró sí nígbà àdúrà àárọ̀, pẹ̀lú fìlà tó bo ojú àti etí. Àwọn yòókù á ní ojúsàájú ni. Ẹ má fi òun fúnra rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ o, ojú á tì í.

Plásítà ni kí ẹ fi hàn wọ́n pé kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ pe ọmọ márùn-ún, kí kálukú sọ ibi tó ń dùn ún: orí, orúnkún, ìka. Ẹ wá lẹ plásítà mọ́ ìgbọ̀nwọ́ gbogbo wọn. Wọ́n á pariwo pé kò tọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣebí ohun kan náà ni mo fún gbogbo yín?" Ẹ dákẹ́, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ìdí tí kò fi tọ́. Tíṣà tó bá kánjú sọ ìdáhùn ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Baba Ìkẹ́nnẹ́
Òótọ́ ni ìyá sọ. Tó bá wá di ti Amẹ́ríkà, Ruby Bridges, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ni kí ẹ mú, torí ẹgbẹ́ wọn ni: ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ní New Orleans, lọ́jọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1960. Àwọn òbí aláwọ̀ funfun kó ọmọ wọn kúrò níbẹ̀. Barbara Henry, obìnrin aláwọ̀ funfun, ló wá ń kọ́ Ruby nìkan jálẹ̀ ọdún náà. Ẹ má fo obìnrin yìí. Òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n kórìíra òyìnbó.

Ti Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì nílùú Montgomery, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í sọ. Kò jókòó síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun. Àárín bọ́ọ̀sì ló wà, níbi tí aláwọ̀ dúdú lè jókòó sí títí iwájú á fi kún. Awakọ̀ ní kí àwọn mẹ́rin dìde. Mẹ́ta dìde, òun ò dìde. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń ro ó, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ tipẹ́. Ẹ sì sọ ti àwọn èrò tó kọ bọ́ọ̀sì Montgomery sílẹ̀ fún ọjọ́ 381. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, ọmọ á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló yí òfin padà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àga ṣe bọ́ọ̀sì, àga méjìlá tó. Kí wọ́n fa bébà aláwọ̀ nínú ọ̀rá, kí àwọ̀ tí kálukú bá fà pinnu ibi tó máa jókòó. Ẹ má yan ẹnikẹ́ni, ní pàtàkì ọmọ Haúsá tàbí àfín, sípò ẹni tí wọ́n ń lé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Ẹ gba bébà padà, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e. Ẹ má ṣe é nígbà tí aago ìsinmi ti fẹ́ lù, wọ́n á gbé e lọ sórí pápá, á sì di ìjà.

Tíṣà Ṣágámù
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Èébú yẹn ńkọ́?

Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde
Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dá a dúró, pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Orúkọ rẹ̀ ni Abubakar, òun la ń pè é." Ẹ má na ẹni tó bú u, ẹ̀yìn yín ló máa ti bú u lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sì fipá mú wọn dì mọ́ra. Ẹ kọ́ gbogbo kíláàsì láti pe orúkọ ara wọn dáadáa, títí kan tiyín náà. Kí ẹ sì ránṣẹ́ pe òbí, torí ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.